Wọ́n lé àwọn ìbejì mi wálé, àṣé inú fóònù lowó wọn wà!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtìjú díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní Poli Ìbàdàn. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọpinpin owó ìjọba. Bí wọ́n ṣe ń tọpinpin owó ilé ara ẹni, ìyẹn ni wọn ò kọ́ wa.

Ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù Karùn-ún, ọdún 2025. Mi ò tíì jókòó dáadáa lọ́fíìsì tí olùkọ́ àwọn ọmọ mi fi pè mí pé kí n wá mú Táyé àti Kẹ́hìndé lọ sílé o, owó ilé-ìwé wọn ò pé, ó ku 40,000 náírà. Mo débẹ̀, mo bá wọn lórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, báàgì wọn ṣì wà lẹ́yìn wọn. Táyé ò sọ nǹkan kan. Kẹ́hìndé ló bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé a ò lówó ni?"

Mi ò mọ èsì tí mo fẹ́ fọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, a ti san 19,000 náírà fún tẹlifíṣàn aláwo, kí bàbá wọn lè rí bọ́ọ̀lù wò.

Kọpuréétíìfù ọ́fíìsì wa ni mo sá lọ, ibẹ̀ ni mo ti yá 40,000 náírà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà táwọn ọmọ ti sùn, mo mú ìwé àti bírò. Bàbá Ìbejì ní, "Kí lò ń kọ?" Mo ní, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká jọ ka owó tó ń bá fóònù àti tẹlifíṣàn lọ nílé yìí." Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a máa fi kà á tán, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu ẹ̀.

Tẹlifíṣàn aláwo, 19,000 náírà. Wáífáì inú ilé, 20,000. Dátà orí fóònù mi, 7,500. Ti baálé mi, 8,000. Káàdì tí àwa méjèèjì fi ń pe èèyàn, 10,000. Káàdì tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi n'Ísẹ́yìn, 5,000. Ẹ ṣírò ẹ̀: 69,500 náírà lóṣooṣù! Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù lóṣù Keje, ọdún 2024, 70,000 náírà ni. Ó ku 500 náírà péré kí owó tiwa tó o. Odindi owó oṣù ẹni ẹlẹ́ni, ariwo la fi ń pa á.

Lóòótọ́, ẹ̀bi wa nìkan kọ́. Lóṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025, àjọ NCC gbà fáwọn iléeṣẹ́ fóònù pé kí wọ́n fowó kún owó wọn, tó lè tó ìdá 50 nínú 100. Láti ọdún 2013 ni wọn ò ti fọwọ́ kan iye owó ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ṣé ká kàn káwọ́ lérí ni? Nígbà tí GSM dé lọ́dún 2001, 50 náírà ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, mo sì rántí pé bàbá mi máa ń kọ ohun tó fẹ́ sọ sórí ìwé kó tó pe èèyàn. Wọ́n mọ ibi tí kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, 200 níbí, 500 lọ́hùn-ún, oṣù ti parí.

Ohun tá a ṣe rèé. A jẹ́ kí wáífáì dúró, torí òun ni gbogbo ilé ń lò, a wá dín dátà orí fóònù kù sí 2,500 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí a ó máa lò níta nìkan. Mo wọ inú WhatsApp, mo pa ibi tó ti máa ń fúnra ẹ̀ gbé fọ́tò àti fídíò wọlé. Gúrúùpù mẹ́rìnlá ni mo wà, ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wo fídíò tó ń já lulẹ̀ níbẹ̀ láràárọ̀! Ní ti YouTube táwọn ọmọ fi ń wo kátúùnù, mo dín àwòrán ẹ̀ kù sí 360p, mo sì ní kó má fúnra ẹ̀ bọ́ sórí òmíì. Àwọn ọmọ ò tiẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Bí wáífáì ṣe di 15,000 náírà nìyẹn.

A jáwọ́ nínú káàdì yíyá. Tá a bá yá 1,000 náírà, 850 ni wọ́n ń fún wa, 1,000 ni wọ́n sì ń gbà padà. Owó èlé ni o! A wá ń fi wáífáì pe ara wa lórí WhatsApp, 10,000 náírà káàdì di 6,000.

Tẹlifíṣàn ló dá wàhálà sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, bọ́ọ̀lù máa parí nínú oṣù yìí, ó di oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Kí la fẹ́ máa sanwó fún?" Ó bínú wọ yàrá lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ní kò burú. Nígbà tí bọ́ọ̀lù sì bẹ̀rẹ̀ padà, èyí tówó ẹ̀ ò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ la gbà. Tó bá di ìdíje ńlá, á mú 300 náírà lọ sí fíúìn sẹ́ńtà ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Tẹ́lẹ̀, ó ní òun ò lè bá àwọn ọmọdé jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ní báyìí, ó ní bọ́ọ̀lù dùn níbẹ̀ ju ti ilé lọ.

Ó wá ku ti ìyá mi. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn mí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé, "Ọmọ mi, owó inú fóònù mi ń lọ, mi ò sì pe ẹnì kankan." Èmi á ní, "Màámi, ẹ yéé pe gbogbo ìlú." Nígbà tó yá, wọn ò pè mí mọ́. Mo rò pé wọ́n gbọ́ràn ni. Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n lé àwọn ọmọ wálé, mo gba Ísẹ́yìn lọ. Aládùúgbò wọn ló sọ fún mi pé ibà dá wọn gúnlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Mo ní, "Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí?" Wọ́n ní, "Owó ti tán, mi ò sì fẹ́ kó o tún bínú."

Mo gba fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ wọn. Àṣé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí ẹ̀: orin tí ẹni tó bá pè wọ́n ń gbọ́, ìròyìn bọ́ọ̀lù, àti ọ̀rọ̀ ìwúrí lédè Òyìnbó tí ìyá mi ò lè kà! Ọ̀kan ń mú 50 náírà lójúmọ́, èkejì ń mú 20 lójúmọ́, ìkẹta ń mú 100 lọ́sẹ̀. Nǹkan bíi 2,500 náírà lóṣù kan, ìdajì owó tí mò ń fi ránṣẹ́. Ìkòkọ́ kan ló yọ lójú fóònù, wọ́n tẹ OK kó lè kúrò. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo tẹ *305#, mo dá gbogbo ẹ̀ dúró, mo tún fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Bí tiyín bá kọ̀ tí kò dúró, ẹ pe 622, NCC ló ni nọ́ńbà náà, ọ̀fẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀, mo bẹ ìyá mi.

Lóṣù Kẹfà, 31,000 náírà là ń ná. Lóṣù Keje, bákan náà. 77,000 náírà ló ṣẹ́ kù nínú oṣù méjèèjì. Mo san gbèsè kọpuréétíìfù, mo fi ìyókù sí owó ilé-ìwé oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé, Kẹ́hìndé ló mú rìsíìtì lọ fún olùkọ́ fúnra ẹ̀.

Owó káàdì ìyá mi nìkan ni mi ò dín kù, 5,000 náírà ṣì ni. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n fi ogójì ìṣẹ́jú sọ fún mi nípa ewúrẹ́ aládùúgbò tó jẹ èlùbọ́ wọn. Mi ò já a mọ́ wọn lẹ́nu.