Mo Ní Kó Má Sọ̀rọ̀

Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ṣáájú, torí níbi ìpàdé tí wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́, mo jókòó síbẹ̀, n kò sì sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkòròdú ni wọ́n ti ní kí n máa kọ́ àwọn ọ̀sílíárì tí yóò máa ràn wá lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń yí aláìsàn padà kí ara rẹ̀ má baà dégbò, bí a ṣe ń wọn ìgbóná ara àti ìfúnpá. Ṣùgbọ́n èémí ni mo tẹnu mọ́ jù, torí òun ni wọ́n máa ń fojú di. Ẹlòmíràn á kàn wo aláìsàn fìrí, á kọ 20, á bá tirẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú bí ẹni tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù, kí ojú wọn sì wà ní àyà rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé à ń ka èémí òun kò ní í mí bó ṣe ń mí mọ́. Ìṣẹ́jú kan gbáko, pẹ̀lú aago.

Ẹ̀pẹ́ ni ọmọbìnrin yìí ti ń wá, ọkọ̀ tó ń gba Ìtòikin ló ń wọ̀ láràárọ̀. Aago ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó nawọ́ sókè: "Mà, tí iye tí mo kà bá pọ̀ jù ńkọ́?"

Mo ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sílíárì kì í sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Nọ́ọ̀sì ló ń sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti rí ọ̀sílíárì tí kò lò ju oṣù mélòó kan lọ lẹ́nu iṣẹ́ tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, tó ń gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn tèmi mọ ààlà wọn. Ibi tí mo fa ààlà náà sí gan-an ló burú.

Wọ́n gba ìyá kan wọlé, òtútù àyà ló ń bá a jà. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà, ẹni tó ń rọbí ló sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ka èémí ìyá náà ní aago mẹ́wàá: 22. Láàárín òru: 26. Ní aago méjì: 34. Ó fi bírò yí 34 yẹn po léraléra títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Aago márùn-ún ni nọ́ọ̀sì tó dé ibẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ìyá fi kú. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìbá yè, ṣùgbọ́n àgbá ọ́síjìn wà lára ògiri, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án fún wákàtí mẹ́ta.

Ní ìpàdé, wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò pariwo. Ó wò mí. Mo sọjú sílẹ̀, mo ń ṣí fáìlì. Ó dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni mo tó ka ìwé àmì tí Royal College of Physicians ní London gbé jáde ní 2012, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, èyí tí wọ́n ń pè ní NEWS. Bí èémí àgbàlagbà bá ti pé 25 láàárín ìṣẹ́jú kan, òun nìkan ti tó láti pe ẹni tó jù ọ́ lọ kíákíá. Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó kà á. Ohun tí mo fi ń kọ́ni nísinsìnyí nìyẹn: pè, má kúrò nídìí aláìsàn, bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ bínú kó bínú.

Mo wá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọjà Ayétòrò ni mo ti bá a, nídìí ata. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi ní àpótí jókòó. Mo sọ ohun tí ó yẹ kí n ti sọ níbi ìpàdé fún un, mo sì tọrọ àforíjì. Ó ṣa ata díẹ̀ kó tó gbójú sókè.

"Mà, ṣé mo kà á dáadáa lóru ọjọ́ yẹn?"

Mo ní ó kà á dáadáa.

Ó ní, "Ìṣẹ́jú kan gbáko ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."