Wáyà Mi Ló Jẹ̀bi, Ọmọlọ́mọ Ni Mo Dá Lẹ́bi

Mo lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Ouagadougou. Èmi kọ́ ni ọ̀gá rẹ̀, n kò sì buwọ́ lu ìwé kankan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni olùdásílẹ̀ ilé-ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́ gbọ́ tó fi ní kó máa lọ ilé. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn án kì í ṣe òótọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló dá wàhálà náà sílẹ̀, nígbà tí mo sì mọ̀ pé èmi ni, mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mo fẹ́ jẹ́wọ́, nítorí òun ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe.

Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo ń ṣe. Mò ń fa wáyà tó so kọ̀ǹpútà pọ̀ ní ọ́fíìsì, ní ilé-ìwé àti ní ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò, mo sì ń tún un ṣe bó bá bà jẹ́. Èmi ni mo fa ti ilé-ìwé aládàáni yìí, ní àdúgbò Gounghin. Mo gbé switch kan sí yàrá kékeré lókè, ìyẹn àpótí tí gbogbo wáyà ilé ń já sí, tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kan tó sì ń gbé e fún òmíràn. Mo tún gbé switch kékeré oníhò márùn-ún sí ọ́fíìsì akọ̀wé nísàlẹ̀. Wáyà méjì ni mo fà láti òkè wá síbẹ̀: ọ̀kan fún iṣẹ́, èkejì fún ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá já. Mo ki ẹnu kan èkejì yìí bọ switch òkè, mo wá fi ẹnu tó kù sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì akọ̀wé. N kò kọ nǹkan kan sí i lára. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò gbọdọ̀ wọ ihò kankan.

Nínú oṣù kẹta, nígbà tí wọ́n ń ṣírò máàkì sáà kejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Láàárọ̀ kùtùkùtù, gbogbo rẹ̀ á máa lọ geerege. Tó bá yá, kọ̀ǹpútà kankan kò ní rí èkejì mọ́, ìwé èsì kò ní jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àwọn olùkọ́ á jókòó lásán. Bí a bá pa switch tí a tún tan án, á mí fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, á tún kú.

Ẹni tó bá mọ Ouaga mọ ohun tí oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ń ṣe níbẹ̀. Ooru ìgbà yẹn máa ń kọjá 40 ní ìwọ̀n Celsius, eruku ọyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá kò sì tíì kúrò nínú ẹ̀rọ. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ tutù, ó ń kú nígbà tí oòrùn bá mú: mo ní ooru ni. Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu tó bẹ́ẹ̀ tí n kò wádìí kọjá ibẹ̀. Mo sọ fún olùdásílẹ̀ pé switch ti jóná nínú, pé yàrá náà ń gbóná jù, àti pé ẹni tó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà kì í tan ẹ̀rọ amúlétutù bó ṣe yẹ.

Wọ́n pe ọmọ náà. Ó fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀, lédè Faransé, bí ọmọdé ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ níbẹ̀: "Tonton, mo máa ń tan án kí n tó ṣe ohunkóhun láàárọ̀, n kì í sì í pa á títí a ó fi ṣíwọ́." N kò dá a lóhùn. Yàrá náà kò jìnnà síbi tí a dúró sí. N kò lọ gbé ọwọ́ lé àpótí náà láti mọ̀ bóyá ó gbóná.

Mo ra switch tuntun. Mo yan èyí tí owó rẹ̀ kò ga, mo sì gbé e sípò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a tẹ ìwé èsì, olùdásílẹ̀ sì san owó mi. Ó wá dá a lójú pé òótọ́ ni mo sọ, pé àìbìkítà ọmọ náà ló jó ẹ̀rọ. Ó ní kó má padà wá.

Lọ́jọ́ Ajé, kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kú.

Ìgbà náà ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe. Mo jókòó níwájú switch, mo wo iná rẹ̀. Bí ara nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dá, iná ihò kọ̀ọ̀kan á máa ṣẹ́jú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan kì í ṣe iṣẹ́ èkejì. Gbogbo ìwọ̀nyí ń ṣẹ́jú pa pọ̀, kíkankíkan, láìsinmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe yọ ọ̀kan báyìí, iná rọlẹ̀, kọ̀ǹpútà rí ara wọn. Mo fi ọwọ́ tọ wáyà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sọ̀ kalẹ̀, ó gbé mi dé ọ́fíìsì akọ̀wé. Wáyà méjèèjì tí mo fà ló wà nínú switch kékeré. Akọ̀wé ní òun rí ọ̀kan nílẹ̀, òun rò pé ó já bọ́ ni, òun sì fi í sínú ihò tó ṣófo. Ibi tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ń gba iná ni switch kékeré náà ti ń gba tirẹ̀. Ó máa ń pa gbogbo rẹ̀ bó bá ń lọ ilé, kì í sì í wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wíwọlé akọ̀wé ni mo ti ń pè ní oòrùn.

Wáyà méjì láàárín switch méjì a máa di òbìrípo. Kọ̀ǹpútà tó ń wá òmíràn máa ń kígbe sí gbogbo ilé pé, "Ta ló ni nọ́ńbà yìí?" Switch á gbé igbe náà gba gbogbo ihò àyàfi èyí tó gbà wọlé. Bí ọ̀nà bá jẹ́ ẹyọ kan, igbe á dé òpin, á sì tán. Bó bá jẹ́ méjì, á gba ọ̀kan lọ, á gba èkejì bọ̀, wọ́n á tún pín in káàkiri, á tún lọ, á tún bọ̀. Ethernet, tí Robert Metcalfe àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ ní Xerox PARC ní 1973, kò fi òǹkà kankan sára ẹrù rẹ̀ tí ì bá máa dín kù títí ẹrù náà yóò fi kú. Igbe kan ṣoṣo tó láti kún gbogbo wáyà. Radia Perlman ti wá ojútùú sí i láti 1985, nígbà tó wà ní Digital Equipment Corporation: ó wá ọ̀nà tí irú àpótí wọ̀nyí á fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n mọ ibi tí òbìrípo wà, kí wọ́n sì ti ọ̀nà kan pa. Spanning Tree Protocol ni wọ́n ń pè é. Switch tí mo rà kò ní in.

Mo yọ wáyà náà. Olùdásílẹ̀ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní wáyà kan ló ṣí, mo ti tún un ṣe. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá dá ọmọ náà padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Àga rẹ̀ ṣì ṣófo. N kò sọ ọ́. Àwọn oníṣòwò ará ilé wa ló ń júwe mi fún oníbàárà, ẹ̀rù sì bà mí pé orúkọ mi á bà jẹ́ láàárín wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ìtàn ilé-ìwòsàn Beth Israel Deaconess ní Boston. Ní oṣù kọkànlá 2002, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn bọ́ sínú irú òbìrípo yìí, ó sì dá wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì padà sí fífi ọwọ́ kọ̀wé. Wọ́n ti ń so tuntun mọ́ ti àtijọ́ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà fi gbòòrò kọjá ohun tí Spanning Tree lè ṣọ́. John Halamka, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà níbẹ̀ nígbà náà, kò fi pamọ́. Ó ṣàlàyé ní gbangba ibi tí wọ́n ti kùnà, kí àwọn ilé-ìwòsàn mìíràn lè fi kọ́gbọ́n. Ojú tì mí. Ẹni tí odindi ilé-ìwòsàn wà lọ́rùn rẹ̀ sọ òótọ́. Èmi pa òótọ́ wáyà kan mọ́, ọmọlọ́mọ sì ń jìyà rẹ̀.

Mo lọ bá olùdásílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo dá owó iṣẹ́ mi padà. Ó bínú, ó sì tọ́ kó bínú. Ó ti gba ẹlòmíràn sípò náà. Mo kọ ìwé tó wẹ ọmọ náà mọ́, mo buwọ́ lù ú, mo mú àgbàlagbà kan dání, a gbé obì lọ sí agbo ilé bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gba obì. Ọmọ náà gba ẹ̀bẹ̀ mi. Iṣẹ́ rẹ̀ kò padà.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìgbà tó ń kú, àti ohun tí ẹnìkan tàn tàbí tó kì bọ ihò ní ìgbà náà. Ẹ wo iná. Ẹ yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó lọ sí switch mìíràn. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń yọni lẹ́nu, ẹ fi wáyà mìíràn tó dájú dán an wò. Okùn mẹ́jọ ló wà nínú wáyà, bí ọ̀kan bá já, ìsopọ̀ tó yẹ kó sáré ní 1,000 megabit lè já wálẹ̀ sí 100. Wáyà bàbà kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ. Ẹ kọ orúkọ sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ẹ má sì fi ẹnu wáyà ìpamọ́ kankan sínú switch.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ẹ tó dárúkọ ènìyàn kankan, ẹ fi ojú ara yín rí àléébù náà. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tí ẹ dá lẹ́bi.