Ọrùn Táńkì Ìjàpá

(Ẹ̀gbọ́n ò gbé ibòmíràn rí yàtọ̀ sí Abẹ́òkúta. Àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Brazil dé, níbi tó ti ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Wọ́n dúró ti ọkọ̀ Volkswagen Ìjàpá 1965 tí bàbá wọn fi sílẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní ṣíṣí.)

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ń wa ọkọ̀ yìí kiri pẹ̀lú òórùn epo báyìí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ni ì bá tún wà á? Iwájú ni táńkì Ìjàpá wà, bó bá ti jò díẹ̀, imú awakọ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́. Mo ti fi ọṣẹ dí i.

ÀBÚRÒ: Ọṣẹ yẹn bọ́gbọ́n mu. Bẹntiróòlù kì í yọ́ ọ, ó lè gbé yín délé. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ọrùn tí a ń gbà rọ epo ti wọnú táńkì: ó ti sán dé ìdajì.

Ẹ̀GBỌ́N: Wẹ́dà ojú títì ti gbà á. Ó ní kí n ṣáà fa gbogbo epo inú rẹ̀ jáde, kí n gbé òfìfo táńkì wá.

ÀBÚRÒ: Òfìfo kẹ̀! Ibẹ̀ gan-an ni ikú wà. Afẹ́fẹ́ epo tó ṣẹ́kù sínú táńkì ló ń bú gbàmù, kì í ṣe epo fúnra rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ epo bá ti tó nǹkan bí 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún, títí dé nǹkan bí 7.6, ìṣáná kan ti tó. Inú táńkì tó kún dẹ́nu, afẹ́fẹ́ lásán ò ráyè wọlé bá a. Afẹ́fẹ́ epo tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń sá pamọ́ sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Wẹ́dà yẹn ti jó táńkì jẹnẹrétọ̀ fún mi rí, kò sóhun tó ṣe é.

ÀBÚRÒ: Ẹni tó bá ṣe ò ní wá ròyìn fún yín. Iná gáàsì wẹ́dà gbóná ju 3,000°C lọ. Òjé tí wọ́n fi ń lẹ agolo ń yọ́ ní nǹkan bí 190°C, irin gbígbóná lásán ti tó fún un, láìsí iná tó ń jó nítòsí. Òjé la ó lò.

Ẹ̀GBỌ́N: Irú èyí tí àwọn tó ń fi agolo mílíìkì ṣe àtùpà máa ń lò, tí wọ́n á ki bàbà sínú èédú? O wá lọ sí Brazil lọ kọ́ iṣẹ́ alátùpà!

ÀBÚRÒ: Iṣẹ́ kan náà ni o. Ṣé ẹ ṣì mọ ẹnì kan tó ń ṣe é?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀kan wà lẹ́yìn ọjà, àrọ ló ń ṣe báyìí. Ṣé Ìjàpá ṣì pọ̀ ní Brazil?

ÀBÚRÒ: Ó pọ̀ jọjọ. Fusca ni wọ́n ń pè é. Wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1986, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ó di 1996 kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ pátápátá. Ṣé ẹ rántí Ígálà tí Volkswagen ń tò pọ̀ tẹ́lẹ̀ ní Ọjọ́, l'Ékòó? Ọkọ̀ Brazil ni. Brasília lorúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ígálà! Ọkọ̀ olówó ìgbà yẹn. Ó dáa, báwo la ṣe máa ṣe táńkì yìí?

ÀBÚRÒ: Gbangba ìta la ó ti fa epo, jìnnà sí ààrò àti jẹnẹrétọ̀. A ó tú táńkì kúrò, a ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ṣàn án léraléra títí òórùn á fi tán. Lẹ́yìn náà, a ó rọ omi sí i títí á fi ku díẹ̀ kó kan ibi tó sán, kí àyè má ṣẹ́kù fún afẹ́fẹ́ epo. Ká wá fá ọ̀dà àti ibi tó dógùn-ún títí irin á fi dán, torí òjé kì í lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí. Ásíìdì tí a fi síńkì pa la ó fi pa á lójú. Bí a bá ṣe tán, ká fọ ásíìdì yẹn kúrò dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun náà á tún jẹ irin.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé òjé nìkan á wá gbà á lójú ọ̀nà tiwa yìí?

ÀBÚRÒ: Rárá o. Òjé ń dí ojú ihò ni, kì í gbé ẹrù. Kí alátùpà gé páànù pẹlẹbẹ, kó fi yí ìdí ọrùn náà ká, kó da òjé sábẹ́ rẹ̀. Páànù ni á máa gba ìnira. Kí ló tiẹ̀ mú un sán?

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn ọmọ tó ń bá mi rọ epo nígbà ọ̀wọ́n ni. Odindi kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n máa ń gbé tì í.

ÀBÚRÒ: Àwọn bóòtù tó di táńkì mú náà ti dẹ̀, táńkì ń mì nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Bí a ò bá dì wọ́n, ibẹ̀ á tún sán.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti tó. Mo máa sọ fún wẹ́dà pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣeun. Bí alátùpà bá ṣe é tán, ẹ má tíì rọ epo sí i. A ó dí ẹnu ìsàlẹ̀, a ó fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i, a ó fi ìfófòó ọṣẹ ra ojú rẹ̀. Ibi tó bá hó, ẹ jẹ́ kó tún un dà. Títí dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná tàbí mu sìgá nítòsí rẹ̀.