Agboòrùn Ọba Nínú Ilé Olúwa

Nígbà tí mo lọ lo ìsinmi ní Kìṣí, ní Òkè-Ògùn, mo bá ìyàwó ilé kan níbi tí ó ti ń sá gbodo sórí àpáta. Ojú rẹ̀ kò dá. Nínú ìjọ Àgùdà tí ó ń lọ, wọ́n ti dá owó lé obìnrin kọ̀ọ̀kan lórí láti mú ilé ìjọsìn gbòòrò sí i, nítorí ẹnì kan sọ ní ìpàdé pé bí ilé náà bá ti tóbi tó, Póòpù yóò fi í jẹ oyè basílíkà. Owó tí ó fi ń ra iṣu fún òwò èlùbọ́ rẹ̀ ni ó fẹ́ kó sílẹ̀.

Ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?"

Mo jókòó tì í, mo sì ròyìn ìlú Ouidah ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fún un. Láti Èkó, Sẹ̀mẹ̀ ni à ń gbà kọjá sí Kútọnu, kí á tó dé ìlú náà. Ibẹ̀ ni àwọn àlùfáà mísọ́nnárì Àgùdà gúnlẹ̀ sí ní 1861. Láti ibẹ̀ ni Fadá Francesco Borghero ti wá bẹ Èkó wò ní 1863. Ilé ìjọsìn tí a fi sọrí Màríà Aláìlábàwọ́n wà ní àárín ìlú, ó dojú kọ ojúbọ tí wọ́n ti ń bọ òjòlá. Kò tóbi tó ti Yamoussoukro ní Ivory Coast, èyí tí Póòpù John Paul Kejì yà sí mímọ́ ní 1990, tí ó sì wà lára àwọn ilé ìjọsìn tí ó tóbi jù lọ ní ayé. Síbẹ̀, ti Ouidah gba oyè basílíkà ní 1989.

Láti inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilé ọba. Mẹ́rin péré ni basílíkà ńlá, Róòmù ni gbogbo wọn sì wà. Basílíkà kékeré ni à ń pe gbogbo ìyókù, títí kan ti Onitsha tí ó gba oyè ní 2007, àti ti Yamoussoukro pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀.

Ìjọ kì í fi ara rẹ̀ joyè yìí. Bíṣọ́ọ̀bù ni ó ń kọ̀wé béèrè, ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù orílẹ̀-èdè a fọwọ́ sí i, Róòmù a sì yẹ ọ̀ràn náà wò. Òótọ́ ni pé ilé náà gbọ́dọ̀ láyè tó. Ṣùgbọ́n wọn a tún wádìí bóyá a ti yà á sí mímọ́, bóyá ó ní ìtàn tàbí ohun ọ̀wọ̀ kan tí ó sọ ọ́ di olókìkí, bóyá àlùfáà pọ̀ tó níbẹ̀, bóyá àwọn akọrin mọ iṣẹ́ wọn. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ kàtídírà, èyíinì ni ibi tí àga bíṣọ́ọ̀bù wà.

Bí oyè bá dé, ilé náà lè lo àmì kọ́kọ́rọ́ méjì ti Póòpù tí ó dábùú ara wọn. Láti ìgbà àtijọ́ sì ni agogo kékeré àti agboòrùn pupa òun ìyeyè, tí a ṣí dé ìdajì, ti jẹ́ àmì basílíkà.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Agboòrùn bí ti Ìbà wa!"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé nítorí pé ó ra agboòrùn ńlá ni Ìbà ṣe jọba?"

Ó dákẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, òun àti ọkọ rẹ̀ fohùn ṣọ̀kan láti san ìwọ̀n tí agbára wọn ká, kí wọ́n sì lọ ṣàlàyé fún Fadá. Owó iṣu kò kúrò nídìí iṣu.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ọrẹ fún Olúwa dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí oyè ta oúnjẹ ọmọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.