Igi Inú Àwo Tí A Gbé Lọ sí Aburi

Nígbà tí ìyá àgbà tó ń gbé lókè ilé wa ní Accra ń kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kumasi, ó fa igi kékeré kan nínú àwo pẹrẹsẹ lé ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ́wọ́. Igi náà kò ga ju rúlà iléèwé lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ki, gbòǹgbò rẹ̀ sì yọ sókè bíi ti igi tó ti gbó. Ọdún méjìlá ni Màmá ti ń gé e, tó ń fi wáyà tọ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ó ní, "Màá máa pè láti bèèrè rẹ̀ o." Láti ìgbà tí a ti kó dé láti Ìbàdàn, Màmá yìí nìkan ni ọ̀rẹ́ tí ọmọ náà ní. Ẹ̀yin òbí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti òdòdó lọ.

Bọ́ńsáì ni wọ́n ń pe irú igi bẹ́ẹ̀. Èdè Jàpáàn ni: "bon" ni àwo, "sai" ni ohun tí a gbìn. Kì í ṣe ẹ̀yà igi kan lọ́tọ̀. Igi gidi ni, gígé àti àwo tó há ni kò jẹ́ kó dàgbà. Ẹbí ọdán ni tiwa. Ẹ sáà fojú inú wo ọdán ọjà lórí tábìlì!

A gbé e sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, a sì ń bomi rin ín láràárọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ewé rẹ̀ fi pọ́n, tó ń já bọ́. A ní omi ni kò tó, a tún bu sí i.

Ní Sátidé kan, a gbé e sórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀, ó di Aburi. Bí ẹ bá ti kọjá Ayi Mensah, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè Akuapem, etí á dí, atẹ́gùn á sì tutù. Nítorí atẹ́gùn yìí ni ìjọba amúnisìn ṣe kọ́ ilé ìtọ́jú síbẹ̀ ní 1875 fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn tí ara wọn kò yá. Ní 1890, wọ́n ṣí ọgbà ohun ọ̀gbìn síbẹ̀, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń rí ọ̀gbìn kòkó rà ní pọ́ọ́kú. Aláìsàn tiwa náà kò ṣìnà.

Nínú ọgbà náà, àràbà ńlá kan wà tí wọ́n ní òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú igbó àtijọ́. Ẹbí ọdán kan náà wà níbẹ̀ tó fún igi tó gùn lọ́rùn pa. Igi ọ̀hún jẹrà tán, ihò ló kù láàárín. Ọmọ wa wọnú rẹ̀, ó gbójú sókè, kò sọ̀rọ̀.

Lẹ́bàá ọ̀nà, bàbá kan tó ń ta òdòdó kí wa ní "Akwaaba". Kò tilẹ̀ wo ewé. Èékánná ló fi ha èèpo ẹ̀ka kan, àwọ̀ tútù sì hàn lábẹ́ rẹ̀. "Kò tíì kú." Ó wá fa igi yọ nínú àwo. Òórùn! Ìdajì gbòǹgbò ti dúdú, ó rọ̀ bí àmàlà.

"Ọmọ mi, ta ló ń fún un lómi?"

Ó nàka sí wa.

Bàbá gé èyí tó jẹrà títí oje funfun fi yọ lójú ọgbẹ́. Ó po iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ilẹ̀ tuntun kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ó ní kí a máa ti ìka bọ ilẹ̀: bó bá tutù, kí a fi í sílẹ̀, bó bá gbẹ, kí a bomi títí yóò fi máa kán nísàlẹ̀ àwo. Ó ní kí a gbé e sídìí wíńdò tó mọ́lẹ̀, kó jìnnà sí amúlétutù, kí a má fún un ní ajílẹ̀ títí ewé tuntun yóò fi yọ. Ó tún ní kí a má gbé e kiri mọ́, nítorí bí irú igi yìí bá ti ṣípò, yóò wọ́wé.

Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá pè. A ń ṣẹ́jú sí ọmọ wa, kò wò wá. "Màmá, ẹ má bínú. A rì í sómi." Màmá dákẹ́ díẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Méjì ni òun fúnra rẹ̀ ti pa kí èyí tó yè.

Ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún kí ọ̀mùnú kan tó yọ, bí orí abẹ́rẹ́. Ife ìbomirin ti wà lọ́wọ́ ọmọ wa báyìí. Àwa ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.