Ta ni ká so àwòrán yìí mọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ètò kọ̀ǹpútà Gramps to ìtàn ìdílé jọ, ẹ dá mi lóhùn.

Ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1870 rọrùn.
Ẹ kọ orísun rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ọdún, ìpínlẹ̀, káúńtì, nọ́ńbà ojú ìwé.
Ẹ so àwòrán ojú ìwé náà mọ́ ọn, kí bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ jọ máa lo ẹyọ kan yẹn.
(Ẹni tó bá fẹ́ máa gbé àwòrán kan náà sókè fún ọmọ mẹ́jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kú iṣẹ́ o.)

Ṣùgbọ́n ẹ sún sẹ́yìn sí 1860, tàbí 1850.
Ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ka àwọn ẹrú.
Orúkọ olówó wọn hàn gbangba.
Lábẹ́ rẹ̀: ọjọ́ orí, ọkùnrin ni àbí obìnrin, àwọ̀ ara.
Ní ti orúkọ tiwọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá.

Ẹ sì mọ̀ pé ìyá ńlá yín tó jẹ́ ẹrú á ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà.
Obìnrin ọgbọ̀n ọdún kan rèé lórí ìlà.
Ṣé òun ni?

Gramps gbà kéèyàn sọ bí ẹ̀rí ṣe dájú tó. Èmi á so àwòrán ojú ìwé yẹn mọ́ ìyá náà, màá sì kọ ọ́ pé kò dájú rárá.
Kí n so ó mọ́ olówó ẹrú nìkan? Ọkàn mi ò gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ta lẹ máa fi í sí?