Mọ́tò 404 tó dákẹ́ fún ọdún 11

Mọ́tò Peugeot 404 kan wà lábẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá ilé kan ní Kétu. Irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni, tí a fi ń kó àgbàdo lọ sí ọjà. Awakọ̀ tó ni ín kú ní ọdún 2011. Láti ìgbà náà, mọ́tò kò dún mọ́. Adìẹ ń yé sí inú rẹ̀.

Ní ọdún 2022, àwọn tó ń ra irin àlòkù dé. Wọ́n fẹ́ gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n ní kílò. Opó awakọ̀ náà fẹ́ gbà, nítorí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Mo lọ bá a, mo ní: “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.” Mo ta àgbàdo mi, mo san ju ohun tí àwọn oníirin fẹ́ san lọ. Àwọn ará ilé mi ní orí mi ti dàrú.

Ẹ má fojú kéré 404 o! Ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní Faransé. Eré ìje mọ́tò kan wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Safari, nínú ẹrẹ̀ àti eruku. 404 ló gba ipò kìíní níbẹ̀ ní ọdún 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ní ọdún 1963, mọ́tò 7 péré ló sá eré náà dé òpin.

Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì fẹ́ so bátìrì mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, tí irun rẹ̀ ti funfun, kọ̀. Ó ní: “Inú ẹ̀rọ ti gbẹ. Bí o bá fi tipá yí i, irin á ha irin.” Ó tú bùjí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ohun tó ń ṣáná sí epo. Ó rọ òróró ẹ̀rọ díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, ó mú irin tí a fi ń yí ẹ̀rọ láti iwájú, ó yí i jẹ́jẹ́. Kò yí. Ó tún rọ òróró sí i. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rọ náà yí.

A da epo àtijọ́ nù. Ó ti dà bí ọ̀dà, òórùn rẹ̀ burú. A kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú táǹkì, a mì í títí ìpẹtà fi jáde.

Abẹ́ àga ni mo ti rí ìwé kékeré kan. Awakọ̀ náà ti kọ́ ìwé Nàgó nígbà ayé rẹ̀, ó sì ń kọ ọjọ́ tó bá pààrọ̀ òróró. Ìlà tó kẹ́yìn sọ pé: “Omi ń jò ní pọ́ńpù.” Ọ̀gá mẹkáníìkì tú pọ́ńpù wò, ó rí i pé òótọ́ ni. Bí a bá tan ẹ̀rọ náà bẹ́ẹ̀, omi ì bá gbẹ, ẹ̀rọ ì bá sì jóná. A wá òmíràn lọ sí Kútọ̀nù.

Ọjọ́ Sátidé ni a tàn án. Ó wúkọ́, ó tú èéfín funfun, àwọn adìẹ sá. Opó náà jáde láti ilé ìdáná. Ó dúró, ó ń gbọ́. Nígbà tó pẹ́, ó ní: “Ohùn rẹ̀ náà nìyẹn.”

Ní báyìí, ó ń kó àgbàdo lọ sí Pobè. Ìjánu rẹ̀ ṣì ń fà sí apá ọ̀tún. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kékeré náà, lábẹ́ ìlà ti awakọ̀.